Orí Ifẹ̀ tí wọ́n rà ní 200 yúrò

1/
Ní 2007, níbi gbàǹjo kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹnì kan ra orí idẹ kan ní 200 yúrò. Owó fóònù tòkùnbọ̀ ni o. Orí Ifẹ̀ gidi ni, kì í ṣe ayédèrú, ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn ló sì tà á. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe débẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà máa gbé wa dé inú ìwé kan tí ọ̀pọ̀ wa ò fojú kàn rí: ìwé tí mùsíọ́ọ̀mù ń kọ orúkọ ẹrù rẹ̀ sí.

2/
Oṣù kìíní 1987, àwọn olè wọ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà ní Jos, wọ́n kó nǹkan mẹ́sàn-án lọ. Orí yìí wà lára wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ló balẹ̀ síbi gbàǹjo yẹn. Ní 2017, ẹni tó rà á gbé e lọ bá àwọn onígbàǹjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ tà á. Àwọn yẹn ò kù gìrì tà á. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ wò ó, ó di pé orí tí wọ́n jí ní Jos rèé. Ni ọlọ́pàá London bá gbà á sọ́wọ́.

3/
Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Orí idẹ tí wọ́n dà kó lè jọ ti Ifẹ̀ pọ̀ lọ́jà bíi yanrìn. Kò sí èyí tí wọ́n kọ "Jos ló ni mí" síwájú orí ẹ̀. Wọ́n mọ̀ torí pé kí olè tó dé ni àkọsílẹ̀ ti wà nípa ẹ̀. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ yẹn ni, ẹnu tìẹ àti ẹnu ẹni tó gbé e dání ló máa kù. Ẹ sì mọ ẹni tó máa borí.

4/
Nítorí náà, tíréèdì yìí ò dá lórí bí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ṣe rẹwà tó. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn láìmọye ìgbà. Àkọsílẹ̀ ló dá lé: ta ló kọ ọ́, ibo ló wà, kí ló dé tó fi yẹ ká kó gbogbo ẹ̀ sójú kan nínú kọ̀ǹpútà, àti ìdí tí iṣẹ́ yẹn ò fi rọrùn bí a ṣe rò. Ká bẹ̀rẹ̀ láti 1910.

5/
Ní 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ní Igbó Olókun ló ti jáde, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, wọ́n gba orí náà padà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ amọ̀ kan bá a dé Berlin. Orí Olókun ní tiẹ̀ padà sílé. Àbí bẹ́ẹ̀ la ṣe rò.

6/
Nígbà tó tó nǹkan bí ogójì ọdún, wọ́n yẹ orí Olókun yẹn wò ní London. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1949 sọ pé kì í ṣe ojúlówó, pé ọ̀nà ìgbàlódé ni wọ́n fi dà á. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn onímọ̀ mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó náà ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ta ló pààrọ̀ ẹ̀, nígbà wo? Awuyewuye yẹn ò tíì tán.

Ẹ rántí pé ní 1910, Ifẹ̀ ò ní mùsíọ́ọ̀mù. Kò sí rẹ́jísítà kankan nílé tí a lè ṣí, ká fi ìka tọ́ka sí ìlà kan, ká ní: bó ṣe ga rèé, bó ṣe wúwo rèé, ibi tó ti sán rèé.

7/
Ó di 1938. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin. Ọkọ́ kan nǹkan. Orí idẹ ni. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n lé ní mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn sì tó orí èèyàn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ọ̀dọ̀ Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí láàfin. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn.

8/
William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ nígbà yẹn, ra méjì, ó gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ó dá wọn padà ní 1950. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ra òmíràn, ìyẹn sì dé British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

9/
Ẹ wá wo nọ́ńbà wọn. Èyí tó wà ní London ń jẹ́ Af1939,34.1. Àwọn tó wà lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà ń jẹ́ 79.R báyìí, 79.R báyẹn. Inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti jáde, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ti inú ìwé wò ó, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n bá ara wọn tan, àfi tí ẹnì kan bá fara balẹ̀ so wọ́n pọ̀. Síso pọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí mo ń wí.

10/
Ariwo Wúnmọníjẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn ṣòfin ní 1939 pé kí wọ́n yé kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílùú bó ṣe wù wọ́n. Ní 1943, wọ́n fi Kenneth Murray ṣe ẹni tí yóò máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ṣí ní 1954, ní Ẹnuwà, nínú ọgbà ààfin. Ní 1979, ìjọba dá NCMM sílẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ títí di òní.

11/
Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí nǹkan bá wọ mùsíọ́ọ̀mù? Wọ́n á ṣí rẹ́jísítà ńlá kan. Wọ́n á kọ nọ́ńbà, orúkọ nǹkan náà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, gígùn, fífẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó mú un wá, ọjọ́ tó dé, àti ibi tó ti bàjẹ́ lára. Wọ́n á fi tádàwà kọ nọ́ńbà yẹn wínníwínní sí ìdí nǹkan náà. Wọ́n á kọ káàdì kan fún un, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e láti pẹpẹ kan sí òmíràn, ó yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn náà.

12/
Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má fojú di í. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìwé sì ni. Ikán ń jẹ ìwé. Òjò ń pa á. Tádàwà ń ṣí. Rẹ́jísítà lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ìdí nǹkan lè pa rẹ́. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá pa rẹ́ tí fọ́tò ò sì sí, nǹkan náà ti di aláìlórúkọ nínú ilé ara ẹ̀. Ó wà lórí pẹpẹ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́.

13/
Ká padà sí Ifẹ̀. Oṣù kọkànlá 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún ta bá iṣẹ́ idẹ. Ọ̀kan lára wọn ni ère ọba àti olorì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn. Awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Frank Willett, ló wá wa ibẹ̀. Ó kọ, ó yà, ó wọ̀n. Nígbà tó yá, ó kúrò ní Nàìjíríà. Ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù Hunterian ní Glasgow, ní Skọ́tílándì.

14/
Ní 2004, nígbà tí Willett ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, Hunterian gbé kátálọ́ọ̀gù iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tó ṣe jáde. Dátábéèsì ni. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló kó jọ síbẹ̀: nǹkan Ifẹ̀ tó wà nílé àti èyí tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàyé tiẹ̀. Ohun tí mo ní ká so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ síso ẹ̀. Ó kú ní 2006.

15/
Ẹ wá gbọ́ o. Orí síídì ló wà. CD-ROM.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ laptop yín báyìí. Ṣé ibi tí síídì ń gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀?

Mi ò bú Willett o. Ní 2004, síídì ni ayé ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀: ìwé tó fi ọwọ́ kọ ní 1957, ẹni tó bá ní ojú lè kà á lónìí. Èyí tó fi kọ̀ǹpútà ṣe ní 2004, o máa kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ àtijọ́ ná. Ọmọ Ìlódè tàbí Mọdákẹ́kẹ́ tó fẹ́ mọ ohun tó jáde lẹ́yìn ilé bàbá ẹ̀, ibo ló fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

16/
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní "a ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ti parí." Kò parí. Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà dà bí àgbàtọ́ ọmọ. O ò ní gbà á lónìí kí o gbàgbé ẹ̀ lọ́la. Ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e kúrò nínú ohun tó ń kú lọ, sínú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

17/
Ṣé àkọsílẹ̀ ń gba nǹkan padà lóòótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olè wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ fúnra ẹ̀. Ní 1994, ICOM, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, tẹ ìwé kan jáde tó ní fọ́tò ọgọ́rùn-ún nǹkan tí wọ́n jí ní Áfíríkà. Fọ́tò yẹn lọ yí ká. Díẹ̀ lára orí amọ̀ tí wọ́n jí ní Ifẹ̀, wọ́n rí wọn ní Faransé, wọ́n sì dá wọn padà. Èyí tí kò ní fọ́tò ńkọ́? Kò sí ohun tí a fẹ́ fi hàn wọ́n.

18/
Mo mọ ẹni tó fẹ́ dá sí i báyìí: "Kí wọ́n kúkú fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó, wọ́n mọ nǹkan tọ́jú jù wá lọ."

Ó dáa. Oṣù kẹjọ 2023, British Museum sọ fún aráyé pé nǹkan tó tó 2,000 ti sọnù, tàbí wọ́n ti jí i, tàbí ó ti bàjẹ́, láti inú ibi ìkẹ́rùsí àwọn fúnra wọn. Ọ̀gá àgbà wọn fipò sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan yẹn, wọn ò tíì forúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa. Ẹ gbọ́ mi? Ilé tó ti lé ní 250 ọdún, nǹkan wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé, tó bá lọ, ta ló fẹ́ mọ̀?

19/
Kí ni wọ́n ṣe? Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní àwọn máa gbé àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 2.4 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí wọ́n tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe, láàárín ọdún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ pé ta ló mọ nǹkan tọ́jú kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ pé ta ló kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Àìkọsílẹ̀ ò mọ funfun, kò mọ dúdú.

20/
Àpẹẹrẹ tó dáa wà nítòsí wa. Àwọn ará Bìní. Ẹ mọ̀ pé ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Bìní, ẹrù náà sì fọ́n ká gbogbo ayé. Oṣù kọkànlá 2022, Digital Benin ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tó ṣí, ó ní nǹkan 5,246 láti ilé 131, ní orílẹ̀-èdè 20. Ibì kan ṣoṣo lo ti máa wá gbogbo ẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, tí ọmọ Bìní bá fẹ́ mọ ibi tí ẹrù bàbá ńlá ẹ̀ wà, ó máa kan ilẹ̀kùn mùsíọ́ọ̀mù níkọ̀ọ̀kan, ní èdè Jámánì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Faransé.

21/
Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ nìyí: wọn ò fi èyí tí òyìnbó kọ nìkan mọ. Wọ́n fi orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́ ní èdè Ẹ̀dó sí i, ẹ sì lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Nọ́ńbà mùsíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, orúkọ ilé náà wà níbẹ̀. Ifẹ̀ nílò irú ẹ̀, tó máa so Ẹnuwà, Èkó, London àti Berlin pọ̀. Kí èyí tí wọ́n ń fi ṣe gbòǹgbò sì wà nílé, kì í ṣe ní Glasgow.

22/
Ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kó má baà jọ idán.

Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ máa gbé rẹ́jísítà dání, ẹ máa rìn láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Èyí wà nínú ìwé, ṣé ó wà lórí pẹpẹ? Èyí wà lórí pẹpẹ, ṣé ó wà nínú ìwé? Ẹni tó bá fo ìyẹn, irọ́ ló fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

23/
Ìkejì, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹnì kan kọ Ife, òmíràn kọ Ifẹ̀, ẹ̀kẹta kọ Ile-Ife. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ìlú kan ni. Ó tún kù: "Ọ" tí o tẹ̀ lórí fóònù ẹ àti "Ọ" tí èmi tẹ̀ lè jọ ara wọn lójú kí kọ̀ǹpútà máa rí wọn bíi méjì, torí wọ́n lè so àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. O máa wá "Ọbalùfọ̀n," á ní kò sí. Ó wà o, àmì ló yàtọ̀. Àwa tí a ń fi èdè Yorùbá tẹ nǹkan lójoojúmọ́ mọ ìyà yẹn. Ẹni tó máa tò ó gbọ́dọ̀ mọ èdè, kó tún mọ kọ̀ǹpútà.

24/
Ìkẹta, ẹ má ju nọ́ńbà àtijọ́ nù. Nǹkan kan lè ní nọ́ńbà mẹ́ta láti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ pè ní pàǹtírí lónìí lè jẹ́ òun ló wà lẹ́yìn fọ́tò kan ní Berlin.

Ìkẹrin, ẹ pín in. Ẹ̀dà kan ní mùsíọ́ọ̀mù, òmíràn nílùú míì, ẹ̀kẹta níbi tí iná àti omi ò ti lè bá méjì yòókù dé. Ẹ ní iná ìjọba ò dúró? Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ sì tẹ díẹ̀ sórí ìwé.

25/
Ìkarùn-ún, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló jẹ́ ti gbogbo ojú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ yàrá àti pẹpẹ tí nǹkan wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tó bá fẹ́ ya máàpù fún olè. Nǹkan òrìṣà náà wà tí ó jẹ́ pé ààfin àti àwọn àwòrò ló yẹ kó sọ bóyá fọ́tò ẹ̀ lè jáde. Ká bi wọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́.

26/
Ìkẹfà, èyí ló sì ń dùn mí jù: ẹ jẹ́ ká fi ohun tí wọn ò bèèrè nígbà yẹn kún un. Ẹ padà sí 1938. A mọ orúkọ ẹni tó ra orí. A mọ orúkọ ilé tó gbà á. Ẹni tó di ọkọ́ mú ńkọ́? Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa, "àwọn òṣìṣẹ́" ni, ó parí síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ojú yẹn láti inú ilẹ̀! Dátábéèsì tí àwa bá ṣe, ó yẹ kó ní àyè fún agboolé, fún oríkì, fún ìtàn tí ìyá àgbà kan lè sọ, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ tó bá gbà.

27/
Kí lo lè ṣe? Tó o bá ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ilé ìkàwé tàbí ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, iṣẹ́ àṣekágbá ọdún ìkẹyìn ẹ rèé, má tún lọ ṣe èyí tí gbogbo kíláàsì ń ṣe. Tí nǹkan àtijọ́ bá wà nílé yín, gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, nídìí. Kọ ẹni tó ni ín, bó ṣe débẹ̀, orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é. Fi pamọ́ síbi méjì. Má gbé e sórí ìkànnì pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé yín, jọ̀ọ́.

Tó o bá sì dé Ifẹ̀, yà sí Ẹnuwà. Wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń sọ fún ayé pé ó nílé.

28/
Orí tí wọ́n rà ní 200 yúrò yẹn? Nígbà tí ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2022, ó ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá London. Ẹni tó rà á ń béèrè owó, Nàìjíríà ní nǹkan àwọn ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ohun kan: olè gbé e, ó kọjá òkun, ó pàdánù ilé fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tà á bí ẹrù lásán. Ohun kan ṣoṣo tí olè ò rí gbé ni àkọsílẹ̀ ẹ̀.

Tó o bá lọ gba ọmọ ẹ tó sọnù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ẹ́ ni pé: kí lorúkọ ọmọ náà? Ẹ jẹ́ ká ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bi wá.